Ọmọ Tó Lọ Ṣe Ṣọ́jà àti Ọmọ Tó Dúró Tì Mí

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe wáàsí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Àgbádárìgì níbí, wáàsí kì í sì í wọ́n lẹ́nu alùfáà. Ṣùgbọ́n ní ti èyí, èmi ni Ọlọ́hun wàásù fún, ó sì pẹ́ kí n tó gbọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jẹ́ ọmọ wa, bóyá ẹlòmíràn yóò tètè gbọ́ tirẹ̀ ju bí mo ṣe gbọ́ tèmi lọ.

Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́hun fi jíǹkí èmi àti ìyàwó mi. Obìnrin méjì ló ṣáájú, ọkùnrin méjì ló tẹ̀lé wọn. Àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé ọ̀kan wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tí a kì í pariwo rẹ̀, èkejì sì wà níbi tí ohun kan kò ti wúlò fún un mọ́ bí kò ṣe àdúà. Ẹ jẹ́ kí n máa pè wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlú wa mọ̀ pé ọ̀sà àti òkun kò jìnnà síra. Ilẹ̀ yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà láàárín wọn, síbẹ̀ omi wọn kò jọra. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ méjèèjì rí. Ọdún mẹ́ta péré ni ẹ̀gbọ́n fi ju àbúrò lọ, ṣùgbọ́n ìwà wọn yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n kò lè jókòó síbì kan. Láti kékeré ni ó ti fẹ́ràn àwọn ṣọ́jà bárékè tó wà ní Ibereko. Bí wọ́n bá ń sáré ní òwúrọ̀, tí wọ́n ń kọrin, tí bàtà wọn ń dún gbì gbì gbì lórí ọ̀dà, ọmọ yìí yóò dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà títí wọn yóò fi kọjá, yóò sì pẹ́ dé ilé-ìwé. Mo nà án nítorí èyí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Àbúrò ní tirẹ̀ jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀. Ó parí Àlùkùránì kí ó tó pé ọmọ ọdún méjìlá. Ohùn rẹ̀ dùn débi pé bí ó bá ń ké kéwú lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, àwọn ìyá tí ń gbé ẹja lọ sí ọjà a máa dúró gbọ́, títí kan àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Nígbà tí ó fi máa di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní álífù lórí wàláà. Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé òun ni yóò jogún ilé kéwú mi. Mo sì máa ń sọ ọ́ lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èyí tí kò yẹ bàbá.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mú ìwé kan wá bá mi lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ ológun ni. Ibì kan wà níbẹ̀ tí òbí ní láti fọwọ́ sí. Mo kọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìwé náà fi wà lábẹ́ àpótí tí mo ń gbé Àlùkùránì lé.

Ìdí mẹ́ta ni mo sọ fún un. Èkíní, àbúrò bàbá mi kan lọ sí ogun abẹ́lé ní ọdún 1968. Wọn kò gbé òkú rẹ̀ wá, wọn kò sì mú ìròyìn rẹ̀ wá. Ogun parí ní oṣù kìíní ọdún 1970, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, ìyá àgbà wa, kò gbà pé ó parí. Alaalẹ́ ni ó ń gbé fìtílà sí ẹnu ọ̀nà kí ọmọ rẹ̀ má baà ṣi ilé bí ó bá dé. Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀, èmi ni mo máa ń bu kẹrosíìnì sí fìtílà náà. Títí tí ìyá fi kú, kò yé e gbé síta. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní, tí ìjọba bá ń ṣe ìrántí àwọn ológun tó ti kú, tí wọ́n ń tú ẹyẹlé sílẹ̀ kí ó fò, fìtílà yẹn ni èmi máa ń rí.

Èkejì, ogun Bòkó Haram tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009 kò tíì tán. Mo rán an létí Metele ní ìpínlẹ̀ Bọ̀nọ̀, níbi tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti ya wọ ibùdó àwọn ọmọ ogun wa ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, tí wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ọmọ olómọ. Ẹ̀kẹta, mo ka hádíìsì fún un nípa ọkùnrin kan tó wá tọrọ àyè láti lọ sójú ogun lọ́wọ́ Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ànábì bi í bóyá àwọn òbí rẹ̀ wà láyé. Nígbà tí ó ní wọ́n wà, ó ní kí ó padà lọ máa sin wọ́n, pé ibẹ̀ ni ogun tirẹ̀ wà.

Òótọ́ ni hádíìsì náà. Ṣùgbọ́n ìdí kẹrin wà tí n kò sọ. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi wà níbi tí ojú mi ti tó wọn. Mo mú ọ̀rọ̀ Ànábì, mo sì fi í ṣe okùn tí mo fẹ́ fi so ọmọ mi mọ́lẹ̀.

Ìyàwó mi ló bá mi sọ̀rọ̀ lóru ọjọ́ kan. Ó ní, "Àfáà, bí ẹ kò bá fọwọ́ sí i, ọmọ yìí yóò dúró sílé, ṣùgbọ́n kò ní bá wa gbé." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo yọ ìwé náà jáde, mo sì fọwọ́ sí i. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Ọkàn mi kò sí níbẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ń lọ, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí ẹní ìrun. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọmọ ń retí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, pàápàá bí bàbá náà bá jẹ́ alùfáà. Àwọn ará àdúgbò máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá gba àdúà lẹ́nu mi. Ọmọ mi dọ̀bálẹ̀, mo ń ka tàsùbáà, mo sì wí fún un pé, "Ó dàbọ̀." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dìde, ó kí ìyá rẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ pé kí ó máa bá òun tọ́jú rẹ̀. Àbúrò ló bá a gbé àpò rẹ̀ dé ibùdókọ̀.

Zaria ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ṣọ́jà tuntun láti ayé àwọn òyìnbó. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni wọ́n ń gbà fún wọn láti lo fóònù, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń rí ti ẹlòmíràn yá, tí yóò sì bá wa sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Ó ní oorun kò tó, ẹsẹ̀ òun ti bó, òun sì ti rù. Ó ní ìrun Àsùbáà kò ni òun lára mọ́ nítorí pé gbogbo wọn ti jí kí àkókò rẹ̀ tó tó. Ní ọjọ́ kan ni ó sọ ohun kan tí n kò kà sí nígbà náà. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń kọ́ wọn gan-an, mo rò pé yóò ní ìbọn yínyìn ni. Ó ní, "Bàbá, ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ jù fún wa ni bí a kò ṣe ní kú." Ó ní wọ́n ń kọ́ wọn bí a ṣe ń fà lórí ilẹ̀, bí a ṣe ń di ọgbẹ́, bí a ṣe ń wo ilẹ̀ kí a tó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, lẹ́yìn gbogbo ìrun ni mo ń bẹ Ọlọ́hun pé kí ó ṣọ́ ọmọ tó wà ní Zaria. Èyí tó wà nílé, n kò bẹ Ọlọ́hun lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ṣíṣọ́ tèmi tó o.

Ní ọjọ́ kẹta Iléyá ọdún náà, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sọdá ọ̀sà sí Gberefu láti lọ ṣeré létí òkun. Àbúrò tọrọ àyè lọ́wọ́ mi. Mo yọ̀ǹda fún un pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo tilẹ̀ fún un ní owó ọkọ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógún ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo bí nǹkan ti rí. Èyí tó ń lọ sí Zaria, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ̀ fún un. Èyí tó ń lọ sí etí òkun, n kò rò ó ní ìṣẹ́jú kan.

Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù lórí yanrìn títí di ìrọ̀lẹ́. Bọ́ọ̀lù náà bọ́ sínú omi. Àbúrò wọ inú omi lọ láti mú un. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní omi kò ju ìbàdí rẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì dákẹ́ ju àwọn ibi yòókù lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé ó ń jìnnà sí wọn. Ó ń gbìyànjú láti padà, kò lè padà. Ìgbà díẹ̀ sí i, wọn kò rí i mọ́. Bọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀ padà wá sí èbúté kí oòrùn tó wọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn apẹja rí òkú rẹ̀ ní apá ìlà oòrùn. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Mo ti wẹ òkú ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú yìí, mo mọ bí a ṣe ń ṣe é. Nígbà tí mo ń wẹ etí rẹ̀, yanrìn wà níbẹ̀, mo sì bu omi sí i títí, kò tán. Àwọn tó wà pẹ̀lú mi gba omi náà lọ́wọ́ mi. A kírun sí i lára ní iwájú mọ́ṣáláṣí, a sì sin ín kí ìrun ọ̀sán tó tó.

Àwọn ènìyàn wá kí wa, Ọlọ́hun yóò san wọ́n lẹ́san rere. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn ògiri. "Nítorí bọ́ọ̀lù!" Òótọ́ ni, èmi náà ń sọ ọ́ nínú ara mi. Mo ń rò ó pé bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ló kú sójú ogun, wọn ì bá ta àsíá lé e, wọn ì bá yìnbọn fún un, ikú rẹ̀ ì bá ní orúkọ. Kí ni orúkọ ikú ẹni tó bá bọ́ọ̀lù lọ? Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo tó rántí hádíìsì tí èmi fúnra mi ti kọ́ àwọn ọmọ kéwú mi láìmọye ìgbà: pé ẹni tí omi gbé wà lára àwọn tí Ànábì kà kún ṣàhíìdì, òun àti ẹni tí àjàkálẹ̀ àrùn pa, àti ẹni tí àrùn inú pa, àti ẹni tí ilé wó pa, pẹ̀lú ẹni tó kú sójú ọ̀nà Ọlọ́hun. Ànábì kò bèèrè ohun tí ẹni náà ń wá lọ sínú omi.

Ọjọ́ kẹsàn-án ikú rẹ̀ ni fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n ni. Ó kí wa kú ọdún tó ti kọjá. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbé fóònù fún àbúrò mi." Ìyá rẹ̀ wò mí. A ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí ó bá gbọ́ níbi tó wà, ó lè sá kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́, tàbí kí ọkàn rẹ̀ máà sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìbọn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé, "Ó lọ sí mọ́ṣáláṣí." Ẹ̀yin ará mi, lóòótọ́ ni a gbé e dé mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n irọ́ ni. Èmi tí mo ń na ọmọ ní pàṣán nítorí irọ́, mo pa á fún ọmọ mi, mo sì fi irọ́ náà sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Oorun kì í wá ní àwọn oṣù náà. Mo máa ń jókòó lóru, mo máa ń ro bí àwa ọmọ Ádámọ̀ ṣe ń tọ́ka sí ibi tí ikú yóò gbà wá, tí ikú yóò sì gba ibòmíràn. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, ọkọ̀ òfuurufú ológun kan gbéra ní Èkó, kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí ó fi já lulẹ̀ ní Èjìgbò. Àwọn ọ̀gá ológun tó lé ní àádọ́jọ ló wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó yè. Kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2002, àwọn bọ́ǹbù inú bárékè Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Ìyá àti ọmọ ń sá lóru, wọ́n sì sá wọ odò Òkè-Afà, tí ewéko bò mọ́lẹ̀ tí wọ́n fi rò pé ilẹ̀ ni. Àwọn tó kú ní ọjọ́ náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Bọ́ǹbù kò dé ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, Ọ̀gágun Ibrahim Attahiru, tí ó ti darí ogun ní ìhà àríwá ìlà oòrùn, kú nínú ọkọ̀ òfuurufú tó já ní Kàdúná. Àlùkùránì ti kọ́ wa ní ìparí Súrà Lùkúmọ́nù pé kò sí ẹ̀mí tó mọ ilẹ̀ tí yóò kú sí. Mo mọ̀ ọ́n lórí. N kò tíì gbọ́ ọ.

Ẹni tí mo rántí jù ni Ànábì Yáákùbù. Ìkookò ni ó ń bẹ̀rù nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ mú Yúsúfù jáde lọ ṣeré. Ìkookò kọ́ ló mú Yúsúfù. Ìbọn ni èmi ń bẹ̀rù. Ìbọn kọ́ ló mú ọmọ mi, eré ni ó lọ ṣe. Bàbá yẹn sunkún títí ojú rẹ̀ fi funfun. Nígbà tí wọ́n sì tún ní kí ó fi àbúrò Yúsúfù rán àwọn sí Íjíbítì, ó gbà. Ṣùgbọ́n kò kàn gbà lásán. Ó gba májẹ̀mú lọ́wọ́ wọn, ó sì kọ́ wọn ní ọgbọ́n pé kí wọ́n má ṣe gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wọ ìlú, kí wọ́n pín ara wọn. Lẹ́yìn èyí ni ó sọ pé òun kò lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ohunkóhun tí Ọlọ́hun bá ti kọ. Ẹ wò ó bí ó ṣe tò ó: ó kọ́ ọmọ, ó yọ̀ǹda ọmọ, ó fi ọmọ lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. Èmi kò ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n, n kò yọ̀ǹda rẹ̀. Àbúrò, n kò kọ́ ọ.

N kò kọ́ ọ ní òkun ni mo ń wí. Lẹ́yìn ìsìnkú, àgbàlagbà apẹja kan, ọmọ Ẹ̀gùn, wá kí mi. Ó ní, "Àfáà, ìgbì tó ń bọ̀ kọ́ ló ń pa ni, omi tó ń padà ni." Ó ṣàlàyé fún mi pé gbogbo omi tí ìgbì bá dà sórí yanrìn ní láti padà sínú òkun, a sì máa wá ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí yóò gbà, a máa ṣàn bí odò. Ní ojú ọ̀nà yẹn, ìgbì kì í hó, ibẹ̀ a dákẹ́, àlejò a rò pé ibẹ̀ ló dára. Bí ó bá gbé ènìyàn, tí ẹni náà bá ń bá a jà láti padà sí èbúté, yóò rẹ̀ ẹ́, yóò sì rì. Ohun tó yẹ ni kí ó má bá a jà, kí ó fara balẹ̀, kí ó yà sí ẹ̀gbẹ́, kí ó máa lọ ní ìbú etí òkun títí omi yóò fi tú u sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ó bá ìgbì wọlé. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ kò sì gbọdọ̀ bẹ́ tẹ̀lé e, kí ó ju okùn tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo sí i ni. Ọ̀rọ̀ náà kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Gbogbo ọmọ apẹja ló mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi tó mọ Àlùkùránì lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé n kò fi í sí ọ̀dọ̀ ẹni tó lè kọ́ ọ.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn alùfáà máa ń sọ pé láti ọ̀dọ̀ Sáyídínà Úmárù ló ti wá, pé kí a kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìlúwẹ̀ẹ́. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí níwájú àwọn òbí ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Inú ilé kéwú tí a ti ń gbọ́ ariwo òkun lóru ni mo ti ń sọ ọ́.

Nígbà tí àkókò tó tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ ní Zaria, èmi àti ìyàwó mi wọ ọkọ̀. A kọjá Odò Ọya ní Jẹ́bà, a sùn lọ́nà, a sì dé ní ọjọ́ kejì. A jókòó pẹ̀lú àwọn òbí yòókù lábẹ́ oòrùn. Hausa ni àwọn kan, Íbò ni àwọn kan, Tíífì ni àwọn kan, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni gbogbo wa fi ń wá ọmọ. Àwọn ọmọ náà yan kọjá, ẹsẹ̀ wọn bí ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo. N kò mọ tèmi nínú wọn. Ìyá rẹ̀ ló fi hàn mí.

Nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀, ó sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀ fún wa nínú aṣọ tuntun náà. Ó dìde. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn mi.

"Bàbá, àbúrò mi dà?"

Mo sọ fún un. N kò lọ́ ọ. Mo sọ ọjọ́ náà, mo sọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, mo sì sọ ibi tí a sin ín sí. Ó dúró gbọn-in bí ẹni pé ọ̀gá rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ ní ó lọ sí mọ́ṣáláṣí." Kò fi ìbínú sọ ọ́.

Mo ní, "Mo parọ́ fún ọ. Jọ̀wọ́, foríjì mí." Ẹ̀yin Yorùbá mọ̀ pé bàbá kì í sábà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ tó bí. Mo tọrọ rẹ̀ níbẹ̀, lójú ìyá rẹ̀ àti lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ó jókòó sórí ilẹ̀. Ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó tún sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bọ́ọ̀lù wo ni?"

N kò dáhùn. Ó ní, "Bàbá, ṣé bọ́ọ̀lù tèmi ni? Bí mo bá ti mọ̀ kí n gbé e dání. Bí mo bá ti gbé e dání."

Mo jókòó tì í lórí iyanrìn náà. Mo sọ fún un pé Ànábì wa kọ̀ fún wa láti máa wí pé "bí mo bá ti ṣe báyìí ni", nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn a máa ṣí ilẹ̀kùn fún èṣù. Mo ní ẹni tó ni bọ́ọ̀lù kọ́ ló ni kádàrá. Mo ní kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀, pé ẹ̀bùn ìfẹ́ ni ó fún àbúrò rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún un ni etí mi ń gbọ́ ọ. Láti oṣù mẹ́ta ni èmi náà ti ń wí pé "bí mo bá ti kọ̀ fún un, bí n kò bá fún un ní owó ọkọ̀." Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ wáàsí tí Ọlọ́hun ti ń ṣe fún mi.

Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Àdúà tí n kò ṣe fún un lọ́jọ́ tó ń kúrò nílé, mo ṣe é fún un lọ́jọ́ náà, gbogbo rẹ̀, n kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Mo ní mo yọ̀ǹda rẹ̀ tọkàntọkàn. Mo ní bí Ọlọ́hun bá dá a padà, mo dúpẹ́, bí Ọlọ́hun bá sì gbà á, mo fi í lé e lọ́wọ́. Ìgbà náà ni ó tó sunkún.

Ìhà àríwá ìlà oòrùn ni wọ́n gbé e lọ. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, n kò ní parọ́ fún yín. Bí fóònù bá dún lóru, ọkàn mi a fò. Ṣùgbọ́n n kò gbé fìtílà sí ẹnu ọ̀nà bí ìyá àgbà wa. Mo máa ń dìde kírun ráká méjì, mo ń tọrọ ìṣọ́ fún ẹni tó wà láyé, mo sì ń tọrọ ìdáríjì fún ẹni tó ti lọ. Ìgbà mìíràn, mo máa ń lọ sí Gberefu, ní ọ̀nà iyanrìn tí wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà dé etí òkun láyé àtijọ́. Mo máa ń ro àwọn òbí tí a mú ọmọ wọn gba ibẹ̀ kọjá, tí wọn kò mọ̀ bóyá ó kú tàbí ó yè. Ọlọ́hun fún èmi ní sàréè tí mo lè dúró tì.

Ní ilé kéwú wa báyìí, àgbàlagbà apẹja yẹn ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin wa ní ìlúwẹ̀ẹ́ ní ẹ̀bá ọ̀sà, níbi tí omi kò ti jìn. Ìyàwó rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ọ̀tọ̀. Kí Iléyá àti ìtúnu àwẹ̀ tó dé, mo máa ń ní kí àwọn ọmọ sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi lórí, bí wọ́n ṣe ń ka súrà: ìgbì tó ń bọ̀ kọ́, omi tó ń padà ni, má bá a jà, yà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní bá wọn lọ sí etí òkun.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá mú ìwé wá bá yín, ìbáà jẹ́ ti ológun, ìbáà jẹ́ ti ìrìn-àjò sí òkè òkun, ẹ gbà á yẹ̀ wò dáadáa. Bí ẹ bá ní kò, ẹ sọ ìdí tó jẹ́ òótọ́ fún un. Bí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ṣe fi àdúà dù ú. Èyí tó sì wà nílé lọ́dọ̀ yín, ẹ má rò pé ojú yín ló ń ṣọ́ ọ. Ẹ kọ́ ọ ní ewu ibi tó ń gbé. Ànábì ní kí a so ràkúnmí kí a tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun, a kò sì lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí bàbá yín bá kọ̀ fún yín pẹ̀lú ohùn líle, ẹ ní sùúrù fún un. Nígbà mìíràn, ẹ̀rù ló ń bà á, kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́.

Kí Ọlọ́hun forí jin àwọn òkú wa, kí ó ṣọ́ àwọn ọmọ wa tó wà ní bárékè àti àwọn tó wà ní ilé, lórí ilẹ̀ àti lórí omi. Kí ó má fi ikú ọmọ dán wa wò kọjá agbára wa. Àmín.